Abẹ́rẹ́ Olórí Pupa

"Ìyàwó, ṣé o tún ti sùn ni?"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ aránṣọ lóbìnrin ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo aránṣọ tó sùn lé ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọmọ aránṣọ lóbìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tẹ orí ba.

"Àìsàn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ò rí, ọ̀lẹ ni mo mọ̀ ọ́n sí. Àwa náà bímọ, a ò sọ ògiri di tìmùtìmù abẹ́rẹ́."

Kàlẹ́ńdà ara ògiri ni ẹ̀gbọ́n ọkọ ń bá wí. Ọjọ́ tí ìrora bá rìn ká ara aránṣọ, á gún abẹ́rẹ́ olórí pupa mọ́ ọn. Ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá dé, olórí funfun. Dókítà ló ní kó ṣe é fún oṣù mẹ́ta. Ó ní họ́mónù, omi ara obìnrin tó ń lọ sókè sódò lóṣooṣù, lè fẹ́ ìrora náà bí iná, pé àìsùn àti èébú ilé a sì máa da epo sí i. Ìrántí aránṣọ ti ń di kùrukùru. Abẹ́rẹ́ ló ń bá a rántí.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iléèwé tó wá wọn aṣọ ti bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé oṣù ìyá ẹ la wá kà ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n lọ sílé ìwòsàn, ọmọ náà yọ gbogbo abẹ́rẹ́, ó dà wọ́n sínú agolo.

Dókítà gbé kàlẹ́ńdà sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Ihò nìkan ni mo rí, Màmá. Èwo ni ìrora, èwo ni nǹkan oṣù?"

Aránṣọ fọwọ́ tẹ iwájú orí. "Bóyá èmi ni mo yọ wọ́n. Orí mi ò pé mọ́."

Ọmọ rẹ̀ tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun," ni dókítà wí. "Oṣù mẹ́ta. N ò lè fún yín ní oògùn láìmọ ohun tó ń fà á."

"Mo wí," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ sọ nílé. Kí wọ́n má baà pè é lọ́lẹ, aránṣọ fi odindi ọjọ́ mẹ́ta wa ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ kò lè di sísọ́ọ̀sì mú mọ́.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Màámi, èmi ni mo yọ wọ́n. Ojú ló ń tì mí."

Ìyá ní kó dìde. "Ọlọ́run á dárí jì wá. Gbé agolo yẹn wá."

Láti ìgbà náà, ọmọ ló ń bá a gún abẹ́rẹ́. Lóṣù kejì, nígbà tí nǹkan oṣù ọmọ náà fúnra rẹ̀ ń bọ̀, ohun kan rọra wọ́ láti ọrùn rẹ̀ dé ìgúnpá, bí òwú tí wọ́n kì bọ iná. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dùbúlẹ̀.

"Ọ̀lẹ ti bí ọ̀lẹ," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wí lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá rí i tí ọmọ náà ń fọwọ́ pa ọrùn. Ó kọ́ kàlẹ́ńdà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó sì na abẹ́rẹ́ olórí pupa kan sí ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ìrora tí ojú ò rí kì í ṣe irọ́. Ẹni tó bá fi yẹ̀yẹ́ pa olójòjò lẹ́nu mọ́, ọ̀nà ìwòsàn ló ń dí, kò sì mọ ẹni tí yóò fẹ́ gbabẹ̀ kọjá lọ́la.