Ikùn Àwọ̀n Mi

"Ó tún já bọ́!"

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀lù ti tún yọ́ kúrò nínú àwọ̀n mi. Láákọ̀sì là ń ṣe: ọ̀pá gígùn tí àwọ̀n wà lórí rẹ̀ la fi ń hán bọ́ọ̀lù, òun náà la fi ń jù ú. Ẹsẹ̀ mi yá, àmọ́ àwọ̀n mi kì í di nǹkan mú. Ọlọ́wọ́ Epo ni wọ́n ń pè mí. Olùkọ́ wa ti sọ ọ́ gbangba pé tí mi ò bá ṣe dáadáa nínú ìdíje, ẹlòmíràn ló máa gba ipò mi.

Mo tú àwọ̀n náà, mo tún un hun, mo jẹ́ kí ikùn rẹ̀ jìn. Ẹ̀yin èèyàn mi, bọ́ọ̀lù wọlé, ó jókòó pẹ̀sẹ̀! Mo bá ọ̀pá jó yípo yàrá. Ìgbà tí mo wò ó dáadáa ni mo rí i pé orí bọ́ọ̀lù ò yọ lókè etí àwọ̀n mọ́. Òfin ò gba ìyẹn. Rẹfirí máa ń yẹ ọ̀pá wa wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

"Torí ìyẹn lo ṣe fajú ro?" kápútẹ̀nì wa bi mí nígbà tí mo ròyìn fún un níbi tá a ti ń pààrọ̀ aṣọ. "Fa okùn ìdí àwọ̀n ẹ le tí rẹfirí bá ń bọ̀, kí ikùn ẹ̀ má jìn. Tó bá ti kọjá, dẹ̀ ẹ́. Ta ló máa mọ̀?"

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Àmọ́ nígbà tí mo délé, mo gbé ọ̀pá lé ẹsẹ̀, mo ṣáà ń wò ó. Ìdíje ku ọ̀la. Ìyá mi, tí wọ́n ń dirí fún àwọn èèyàn, béèrè ohun tó ṣe mí, mo sì sọ gbogbo ẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa bínú.

"Ṣé o lè hun òmíràn?"

"Mo lè hun ún, Mọ́mì, àmọ́ bọ́ọ̀lù lè tún máa já bọ́."

"Kó já bọ́. Gbé e wá."

Ó ti rẹ̀ wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ki orí ọ̀pá bọ àárín orúnkún wọn bí ẹni fẹ́ dirí fún un. "Oníbàárà yìí mà pá o!" Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ta okùn méjì sí àárín bí ojú ọ̀nà, kí bọ́ọ̀lù má lè yí sọ́tùn-ún sósì, wọ́n sì ń bá mi fa okùn kó le dọ́gba. Ikùn ò jìn mọ́, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù dúró sójú kan.

Lọ́jọ́ ìdíje, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Kápútẹ̀nì wò mí bí ẹni máa gbé mi mì. Nígbà tí eré ń parí lọ, mo hán òmíràn, mo sáré, mo jù ú, ó wọlé! Ni ẹgbẹ́ kejì bá figbe ta pé ikùn àwọ̀n mi jìn jù. Rẹfirí fọn fèrè, ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù ba kápútẹ̀nì, ó rò pé mo ti dẹ okùn. Rẹfirí fi bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, ó fa okùn ìdí ẹ̀ wò, ó gbé e sókè síwájú ojú. Orí bọ́ọ̀lù yọ gedegbe.

"Góòlù!"

Mi ò dúró kí wọ́n gbé mi sókè. Ọ̀dọ̀ ìyá mi tí wọ́n wá wòran létí pápá ni mo sáré lọ, mo kúnlẹ̀ sórí koríko. "Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Ẹ ṣeun gan-an ni."

"Dìde jàre, ìwọ lo máa fọ aṣọ yẹn."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe ohun tí àyà yín á máa já tí wọ́n bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí rẹfirí gba ọ̀pá mi, ara mi balẹ̀, torí òótọ́ ni mo fi hun ún. Ìyá mi tó ti rẹ̀, tí wọ́n sì tún jókòó tì mí, ni mo ní láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì ń dúpẹ́ títí dòní.