Orúkọ Ẹja Inú Dígí

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìròyìn ayọ̀ dé sórí tẹlifóònù Landry: oníṣòwò ẹja ní Kútọnu ti gbà á síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, lẹ́yìn ìrun, bàbá Zénabou ti gba obì ìdána rẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí Rafiou.

"Ọjọ́ kan péré!" Ramatou, ẹ̀gbọ́n Zénabou, pàtẹ́wọ́. "Obì ti dé àdúgbò Boni, ó ti dé àdúgbò Ofè. Gbogbo ẹbí ti jẹ ẹ́. Ta ló fẹ́ lọ gbà á lẹ́nu wọn?"

Zénabou jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ìdí ẹ̀rọ yẹn ni Landry ti kọ́kọ́ bá a, ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹja ni Landry ń sìn, kì í sì í ṣe ẹja ọbẹ̀ o. Ẹja wínníwínní aláràbarà ni, èyí tí àwọn olówó ń fi sínú àpótí dígí láti máa wò. Ó na bébà kan tí orúkọ ẹja kún inú rẹ̀ sí i.

"Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń ka ìwé ìtàn Faransé tó ọ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń pe èyí? Ọ̀gá Kútọnu ní òun ò ní gba ẹni tí kò lè pe orúkọ ẹja fún oníbàárà."

Zénabou gé ọ̀rọ̀ náà wẹ́wẹ́ bí aṣọ. "Si-no-dọn-tí-ìsì."

"Ẹja nìyí àbí àìsàn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ kan kò kọjá kí Landry má yà. Kí wọ́n tó dé orí orúkọ ẹja tó ń jẹ́ Kutẹnopóma, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lọ́kàn.

Bàbá Zénabou kò fẹ́ gbọ́. "Ẹja tí a kì í jẹ, ṣé òun ló máa bọ́ ìyàwó?" Landry fi ẹja pupa kan ránṣẹ́ sí i nínú ìgò kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ìyá Zénabou gbà á, ó dúpẹ́ gan-an, ó sì dín in.

Níkẹyìn, bàbá dájọ́. "Bó bá ríṣẹ́ gidi kí a tó kírun Jímọ̀, kí àwọn àgbà rẹ̀ wá. Bí kò bá rí i, ará ilé Rafiou ti ń dúró."

Ní Ọjọ́bọ̀, Landry pe ogún orúkọ inú bébà náà láìṣi ọ̀kan. "Ṣé kí n pe ọ̀gá báyìí?"

Zénabou wo ojú rẹ̀. Bó bá ti ríṣẹ́, Kútọnu ló ń lọ. "Rárá, Kutẹnopóma yẹn ò tíì dán. Padà wá láàárọ̀ ọ̀la."

Ó rò pé àárọ̀ Jímọ̀ yóò tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Landry pè, ọ̀gá wà lójú ọ̀nà, Àbámẹ́ta ló tó dáhùn.

Ní Àbámẹ́ta kan náà yìí, Landry fúnra rẹ̀ wọlé bá a, ó ń mí hẹlẹ. "Zéna mi, jẹ́ ká sá lọ. Mótò ń gbéra lọ́sàn-án yìí."

"Màmá mi ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Wọ́n á ní àwọn ló kọ́ mi. Landry, Ọjọ́bọ̀ ni o ti mọ̀ ọ́n pè. Mo parọ́ fún ọ."

"Kí ló dé?"

"Kí o lè padà wá."

Omi lé ròrò sójú Landry. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kò bí mi nínú. Ṣáà bá mi lọ."

Zénabou rọra yọ ọwọ́ rẹ̀.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ lọ. Rafiou ni mo máa fẹ́. Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ, Landry, má dúró dè mí."