Àkísà Ọrùn Táǹkì

"Rọra, ọmọ mi. Má jẹ́ kí ẹnu kẹ́ẹ̀gì yọ kúrò nínú àrọ."

Ohùn pẹ̀lẹ́ tí bàbá wọn fi bá Jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ń dun Kíá. Kíá ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí kò sí iṣẹ́ tí kì í fi ìkánjú ṣe. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ni bàbá wọn, Kíá ni àkọ́bí rẹ̀, òun ló sì ń rọ epo sọ́kọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó da bẹntiróòlù sílẹ̀ títí ó fi sú bàbá, bàbá sì gba àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún Jẹ́jẹ́, àbúrò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Kíá ti ń jowú bí ẹni máa kú.

Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ létí omi. Ó ti gbé táǹkì sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀, ó fi àkísà gbígbẹ wé e lọ́rùn, ó sì ń da epo náà díẹ̀díẹ̀. Kò jẹ́ kó kún dẹ́nu, torí epo máa ń wú tí oòrùn bá mú. Nígbà tó ṣe tán, bàbá gbé táǹkì padà sínú ọkọ̀.

"Ọwọ́ ẹ mọ́," ni bàbá wí. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ Kíá.

"Ṣé wọ́n rí èmi he ni?" Kíá kùn sínú.

Bàbá ní òfin kan. Kí ọkọ̀ tó gbéra, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àkísà náà, kó sì gbóòórùn rẹ̀. Tó bá tutù, epo ti dà nìyẹn. Gbogbo èrò á bọ́ sílẹ̀, wọn á nu ọkọ̀, wọn á sì dúró títí òórùn á fi lọ tán. Kíá mọ òfin yìí dáadáa. Bí Jẹ́jẹ́ ṣe lọ gbé kẹ́ẹ̀gì kan pamọ́, Kíá yára ṣí kẹ́ẹ̀gì kejì, ó sì da epo ìdérí kan sórí àkísà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí bàbá fẹ́ gbé sọdá wọ ọkọ̀ tán. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn àkísà. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Gbogbo yín, ẹ bọ́ sílẹ̀!"

"Bàbá, ó gbẹ nígbà tí mo..." Jẹ́jẹ́ fọwọ́ kan àkísà, ó sì rí i pé ó tutù.

Inú Kíá dùn. Àfi bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣe figbe ta: "Ìdánwò wa ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni Kíá tó rántí. Òdìkejì omi ni wọ́n ti fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá, òun náà sì wà lára wọn. Ìtara àtirí ìtìjú àbúrò rẹ̀ ti mú un gbàgbé pátápátá.

"Ìdánwò ò tó ẹ̀mí," ni bàbá wí. "Ọkọ̀ tó ń rùn bẹntiróòlù, mi ò ní ṣíná ẹ̀."

Jẹ́jẹ́ ń nu ọkọ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mo ti ba ìdánwò yín jẹ́."

Kíá ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Bàbá, èmi ni! Èmi ni mo da epo sórí àkísà yẹn. Òun nìkan lẹ ń yìn ṣáá."

Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbóòórùn epo níbẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n epo tó dà sínú ọkọ̀ ò mọ ẹni tó da òun sílẹ̀. Mú àkísà mìíràn, kí o bá àbúrò ẹ nù ún."

Wọ́n pẹ́ dé ìdánwò. Àwọn tó ń bójú tó ìdánwò jẹ́ kí wọ́n wọlé, ṣùgbọ́n wọn ò fi àkókò kún tiwọn. Àkókò tán, Kíá sì fi ìbéèrè tó mọ̀ jù sílẹ̀ láìdáhùn. Nígbà tí wọ́n ń padà, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ àyàfi Jẹ́jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ na àrọ sí i. "Ẹ bá mi dì í mú, ẹ̀gbọ́n mi."

Kíá dì í mú, kò sì kánjú. Bí epo ṣe ń lọ sílẹ̀, ó yé e wàyí pé ìyìn tí wọ́n fún àbúrò òun kò mú ohunkóhun kúrò lára òun. Owú tí òun jẹ ló kó òun àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òun sí wàhálà.

Bàbá fọwọ́ kan àkísà, ó sì gbóòórùn rẹ̀. Ó gbẹ. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ṣíná ọkọ̀.