Ọkọ̀ Bàbá Ìyìn Ò Rú Èéfín Mọ́

Nílé Olúsànyà ní Àpòmù, kò sẹ́ni tó nílò aago láti jí. Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, Olúsànyà á ti ṣáná sí bọ́ọ̀sì rẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé yàrá, á sì fi í sílẹ̀ kó máa kùn títí òun á fi wẹ̀, tí á fi jẹun tán.

"Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa," ló máa ń wí.

Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń fi bọ́ọ̀sì náà kó èrò láti Àpòmù lọ sí Gbọ̀ngán. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ìyàwó rẹ̀, Kòfowórọlá, tó jẹ́ tíṣà ní Ìkirè, máa ń ṣàwàdà pé orogún òun ni.

Ìyìn, ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, náà fẹ́ràn ọkọ̀ yìí. Láràárọ̀, á wọ aṣọ iléèwé, á wá dúró sẹ́yìn ọkọ̀, á sì máa juwọ́ nínú èéfín títí bàbá rẹ̀ á fi wọ títì.

"Ó dàbọ̀ o, Dádì! Ẹ tètè dé!"

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ikọ́ ti ń dà á láàmú. Wọ́n ra oògùn ikọ́, wọ́n fún un ní oyin, ìyá Olúsànyà sì gbàdúrà lé e lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá dọ̀sán, ikọ́ á lọ. Tó bá di àárọ̀, á tún dé.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, Olúsànyà wo dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kò sì rí ọwọ́ tó ń jù. Ọmọ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Olúsànyà bẹ́ jáde. Àyà Ìyìn ń lọ sókè sódò, èémí rẹ̀ ń dún fìì bíi fèrè, kò sì lè sọ̀rọ̀.

"Kòfó! Gbé e! Gbé e ká máa lọ!"

Eré tí Olúsànyà sá dé ilé ìwòsàn ní Ìkirè lọ́jọ́ náà, kò sá irú rẹ̀ rí.

Nọ́ọ̀sì Sàlámọ̀tù fi ohun kan bo ọmọ nímú, oògùn sì ń bá atẹ́gùn wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àyà rẹ̀ tó rọlẹ̀. Nígbà tó yá, Ìyìn lajú, ó ní, "Mọ́mì, ebi ń pa mí." Kòfowórọlá bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì fa àga mọ́ra. "Bàbá Ìyìn, ìgbà wo ni ikọ́ yìí máa ń le jù?"

"Àárọ̀ ni, mà."

"Kí lẹ máa ń ṣe láàárọ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, mà. A máa gbàdúrà, màá mú ọkọ̀ gbóná, màá..." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ọjọ́ Sọ́ńdè ńkọ́?"

"Kì í wúkọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè," ni Kòfowórọlá dáhùn jẹ́jẹ́. "Ẹsẹ̀ la fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ásímà, ìyẹn ikọ́ fée, ló ń ṣe ọmọ yín," ni nọ́ọ̀sì wí. "Èéfín ọkọ̀ sì ń jí i dìde. Ìdọ̀tí kéékèèké wà nínú rẹ̀ tí ojú ò lè rí, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ tààrà. Ní ti àgbàlagbà, ó lè fa àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Ẹ̀yin náà ń fà á símú látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Èyí tó bá gòkè lọ ò parẹ́, ńṣe ló ń bo ayé mọ́lẹ̀ bí aṣọ tó nípọn, tí ooru ò fi rọ́nà jáde. Ooru yẹn ló ń da àsìkò òjò rú; ẹ bi àwọn àgbẹ̀ ní Ìkòyí ìtòsí wa níbí bí òjò ṣe ń ṣe wọ́n."

"Ṣé kí n ta ọkọ̀ náà ni?" ni Olúsànyà béèrè.

"Mi ò ní kẹ́ ẹ tà á. Ẹ tọ́jú ẹ̀ ni. Ọkọ̀ tó ń rú èéfín dúdú, ara ẹ̀ ò yá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbé bọ́ọ̀sì lọ bá Àbídì, mẹkáníìkì rẹ̀. Àbídì tú asẹ́ atẹ́gùn ọkọ̀ jáde, ó dúdú bí èédú.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ń wí i fún yín látọdún tó kọjá! Tí èyí bá dí, epo ò ní jó tán, òun ló ń di èéfín. Ẹ́ńjìnnì kì í sì í ṣe ẹ̀wà tẹ́ ẹ máa gbé kaná títí. Ìṣẹ́jú kan ti tó. Ẹ rọra máa wà á lọ, á gbóná lọ́nà."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Àbídì fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà, Olúsànyà kì í ṣáná sí ọkọ̀ nítòsí yàrá mọ́, ìta gbangba ló ń gbé e sí. Ìyìn ṣì ń lo oògùn tí nọ́ọ̀sì ní kó máa fín sẹ́nu, ṣùgbọ́n ikọ́ àárọ̀ ti dín kù gidi.

Ní gáréèjì, Olúsànyà sọ fáwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa paná ọkọ̀ tí wọ́n bá ń dúró de èrò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ ọ́ ní "Pásítọ̀ Èéfín". Olúrótìmí, ọ̀kan lára wọn, ló rẹ́rìn-ín jù. Àmọ́ nígbà tí gáréèjì dá páropáro, ó rọra wá bá a.

"Ibo ni ṣọ́ọ̀bù Àbídì yẹn wà? Ìyá mi kì í sinmi ikọ́, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọn sì ni mo ti máa ń mú ọkọ̀ gbóná."

Olúsànyà mú un lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì máa yẹ ọkọ̀ àti ọ̀kadà yín wò déédéé, ẹ má dúró dìgbà tó bá kọṣẹ́. Ẹ paná rẹ̀ tẹ́ ẹ bá dúró. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dúró sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń kùn. Ibi tí ẹsẹ̀ bá lè dé, ẹ rìn ín; ibi tó bá jìn, ẹ jọ wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo. Tí ikọ́ ọmọ ò bá lọ, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Èéfín tó ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀ yín, ọmọ ẹnì kan ló máa fà á símú.