Ọmọ Tó Ń Mọ Ẹni Tó Ń Bọ̀

Ní ìletò wa létí ọ̀sà, lẹ́yìn Gbaji, bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ báyìí ni àwọn apẹja máa ń ti ọkọ̀ sómi. Ṣùgbọ́n lákòókò òjò tó kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Wọ́n á dúró sábẹ́ ilé Sagbo tó wà lórí òpó, wọ́n á di fìlà mú lọ́wọ́. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń dúró dè.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi Ìyá Mukhtar, tí mò ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, ojú mi ló ṣe. Àwọn elétò ìlera ló ní kí n wá sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, n kò sì ní bu iyọ̀ sí i.

Akíndé, ọ̀gá àwọn tó ń fa àwọ̀n, á fara ti òpó ilé, á gbójú sókè.

"Màmá, ẹ kú ojúmọ́ o. Kí ni Bàbá sọ?"

Ìyá Sagbo á wo ọmọ tó dojú bolẹ̀ sórí pákó. Bí ọmọ bá yí ojú sọ́nà òkun, á ní kí wọ́n máa lọ. Bó bá yí i sọ́nà títì, kóówá á padà sílé lọ sùn. Àwọn géńdé onírùngbọ̀n o!

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọkọ màmá yìí, Bàbá Sagbo, wọ òkun lákòókò òjò, ọkọ̀ padà, òun ò padà. Wọn ò rí òkú rẹ̀ títí dòní. Oyún Deborah, ìyàwó Sagbo, ti pé oṣù méje nígbà náà. Nígbà tó wá bí ọkùnrin, ta ni kò mọ ohun tí wọ́n máa sọ? Wọ́n sọ ọmọ ní Rewájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n Bàbá ni ìyá àgbà ń pè é. Obìnrin náà ò sunkún ọkọ rẹ̀ rí. Ó ní ta ni òun fẹ́ sunkún, nígbà tẹ́ni tó lọ ti padà wálé?

Ọmọ náà dára lọ́mọ, ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín síni. Ṣùgbọ́n ó dákẹ́ jù. Lọ́jọ́ kan tó wà lórí ẹní lórí yanrìn ìta, ọmọrí ìkòkò já lọ́wọ́ Deborah lu abọ́ irin, ó dún gbàgà. Adìẹ fò, èmi náà ta gìrì lọ́dọ̀ ẹja mi. Rewájú ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Nígbà tí òjò dé, àrá sán bíi pé ó fẹ́ ya ilé, gbogbo ọmọ ìletò bú sẹ́kún. Òun nìkan ló la ojú sílẹ̀ tó ń wo ìmọ́lẹ̀ tó ń mì lára ògiri, tó ń rẹ́rìn-ín sí i.

Tẹ́lẹ̀, ó máa ń ṣe "aa, uu" bí ọmọ tuntun ṣe ń ṣe. Nígbà tó yá, èyí náà ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ilé wọn wá pa rọ́rọ́, bí ilé tí kò lọ́mọ.

Ọjọ́ tó bà mí lẹ́rù jù, ọ̀sán gangan ni. Òjò ń rọ̀ kíkankíkan sórí páànù. Èmi àti Deborah ń ṣa edé nínú yàrá, ìyá àgbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọmọ dojú bolẹ̀. Lójijì, ó gbé orí sókè, ó yí ojú sẹ́nu ọ̀nà, ó sì rẹ́rìn-ín.

A wò ó. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Gbogbo irun ara mi ló dìde. "Ta ló ń wò?" ni mo bi wọ́n. Ọmọ ò gbójú kúrò. Kò pẹ́ sí i ni ilẹ̀kùn ṣí, Sagbo wọlé, omi ń kán lára rẹ̀ tótó. Nínú ariwo òjò yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú wa.

"Ṣé ẹ rí i?" Ohùn Ìyá Sagbo lọ sílẹ̀. "Kó tó dé ni ọmọ ti mọ̀. Ta ló sọ fún un?"

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Vi ṣie, ọmọ mi! Ọkọ mi ni. Ó ń gbọ́ ohun tí etí tiwa ò lè gbọ́."

Ọjọ́ náà ló ṣòfin. Kí ẹnikẹ́ni má pe ọmọ kíkan. Kí wọ́n má kọrin létí rẹ̀, kí wọ́n má bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀, kí wọ́n má dí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ṣé ẹ rí nǹkan? Bí àwọn apẹja ṣe gbọ́ ni wọ́n dé, wọ́n ní kó máa sọ bí òkun ṣe rí fún àwọn.

Deborah wá bá mi nídìí ààrò lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ìyá Mukhtar, ẹ̀rù ń bà mí. Tí mo bá wà níwájú ẹ̀, ó mọ̀ mí, á máa rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ti bọ́ sẹ́yìn ẹ̀, mo lè pè é kí ilẹ̀ ṣú, bíi pé n kò sí láyé ni. Ọmọ Ọmọ́ṣaléwá aládùúgbò wa, tí a jọ bí lóṣù kan náà, ó ti ń ké ba-ba-ba. Wọ́n á pè é, á bojú wẹ̀yìn. Ọmọ tèmi ńkọ́?"

"Kí ni Sagbo sọ?"

"Ó ní òun náà pẹ́ kóun tó sọ̀rọ̀. Ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ yìí bí màmá òun nínú."

Nígbà tó di àyájọ́ ọjọ́ tí Bàbá Sagbo lọ, gbogbo wa wa ọkọ̀ gba ọ̀sà kọjá sí etíkun. Ọ̀sán ni, oòrùn wà lókè, síbẹ̀ ìkùukùu bo ojú òkun, èèyàn ò rí ibi tí omi parí sí. Ìgbì ń hó, ń bú ramúramù. Wọ́n tẹ́ ẹní sórí yanrìn, wọ́n gbé Rewájú lé e. A kọjú sómi, a ń gbàdúrà, onítèmi ní tèmi, onítìrẹ ní tìrẹ.

Nígbà tí mo la ojú, ẹní ti ṣófo.

Ọmọ tí kò tíì rá rí ló ń rá lọ yẹn, tààrà sínú omi. Kò wẹ̀yìn. Ìgbì tó ń bú tí àgbà ń sá fún, ó ń lọ bá a bí ẹni tó ń lọ bá ìyá rẹ̀.

"Rewájú!" Deborah figbe ta. "Rewájú o!" Igbe yẹn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ irú ẹ̀ mọ́. Àwọn tó wà lọ́nà jíjìn wò wá. Orí ọmọ ò mì.

Sagbo sáré tẹ̀ lé e. Ọmọ tó máa ń mọ̀ kí bàbá rẹ̀ tó kanlẹ̀kùn, bàbá yìí ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò mọ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Ìyá Sagbo na ọwọ́ sókè. "Bàbá ẹ̀ àgbà ló ń pè é! Ẹ jẹ́ kó dá a lóhùn!"

Sagbo dúró. Mo búra fún yín, ó dúró. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ọmọ, bí ẹni tí wọ́n de lẹ́sẹ̀. Ìgbì ńlá kan sì ti ń ká bọ̀.

Deborah ló sáré kọjá gbogbo wa. Ó wọ inú omi dé orúnkún, ó gbá ọmọ mú bí ìfófòó ṣe bò ó dé àyà. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan ọmọ ni ọmọ tó ta gìrì, bíi pé inú afẹ́fẹ́ ni ìyá rẹ̀ ti yọ. Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Deborah yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀, omi ń ṣàn lára rẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn òkú, kí ló dé tí kò gbọ́ ti ìyá ẹ̀ tó wà láàyè? Lọ́la, mò ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn."

"Èmi náà á bá ọ lọ," ni ìyá àgbà wí. "Kí wọ́n lè sọ fún ẹ pé kò sí ohun tó ṣe é."

Èmi náà bá wọn lọ. Ọjọ́ àjẹsára ni, àwọn ọmọ ń ké nílé ìwòsàn ìjọba yẹn bí ọjà. Nọ́ọ̀sì Ruth gba ọmọ, ó wọ̀n ọ́n, ó yìn ín. Nígbà tí Deborah ṣàlàyé tán, ó gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìn wọn, ó mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré kan létí ọ̀tún. Kò wò ó. Ó mì ín lósì. Kò wò ó. Ó fi ṣíbí lu abọ́, àwọn ọmọ tó jìnnà gan-an yíjú. Rewájú ń fi bọ́tìnnì aṣọ ìyá rẹ̀ ṣeré.

"Ẹlòmíràn ló ń gbọ́," ni Ìyá Sagbo wí. "Nílé, kí èèyàn tó kanlẹ̀kùn ló ti máa ń mọ̀. Ẹ bi wọ́n!"

Nọ́ọ̀sì Ruth ò bá a jiyàn. Ó ní, "Màmá, kí lẹ fi ṣe ilẹ̀ ilé yín?"

"Pákó ni. Ilé orí òpó ni."

Nọ́ọ̀sì bá fa bẹ́ǹṣì pákó gígùn kan jáde, ó ní kí Deborah dojú ọmọ bolẹ̀ sí ìparí rẹ̀, kó dì í mú. Ó lọ sí ìparí kejì, níbi tí ọmọ ò lè rí i. Ó pàtẹ́wọ́, ó sì ké sí i pé, "Rewájú!" Kò mì. Lẹ́yìn náà, láìsọ̀rọ̀, ó fi ìka kan kan pákó jẹ́jẹ́. Àwa tí a dúró tì í fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ.

Rewájú gbé orí sókè, ó yíjú sí i, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọjọ́ òjò yẹn gan-an ni.

"Pákó ló ń sọ fún un, Màmá," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹni tó bá gun àkàbà yín, ilẹ̀ ilé á mì. Àyà ló fi ń mọ̀ ọ́n. Etí rẹ̀ ni kò gbọ́."

Deborah bo ẹnu. "Òpó tí Akíndé bá fara tì! Ọ̀nà ibẹ̀ ló máa ń yíjú sí!"

"Lórí yanrìn, kò sí ohun tó máa mì," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ìdí nìyẹn tí kò fi mọ̀ pé ẹ wà lẹ́yìn òun."

Ìyá Sagbo fọwọ́ kan bẹ́ǹṣì náà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. "Òkun ńkọ́? Òkun ò sọ nǹkan kan fún un?"

"Màmá, bóyá ló gbọ́ ìró òkun rí láti ọjọ́ tó ti dáyé."

Àgbàlagbà obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọkọ mi ti lọ lóòótọ́ nìyẹn," ló wí, ló bá sunkún tó ti ń jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló gbé orí rẹ̀ lé àyà, àwọn méjèèjì jọ sun ún.

Nọ́ọ̀sì bi wọ́n bóyá ibà pọ́njú ṣe ọmọ lẹ́yìn tí wọ́n bí i, tí ojú rẹ̀ pọ́n bíi pupa ẹyin. Deborah ní bẹ́ẹ̀ ni, oòrùn àárọ̀ ni wọ́n ń gbé e sí. Nọ́ọ̀sì ní ó lè jẹ́ ibà yẹn ló ba etí rẹ̀ jẹ́, ó sì lè máà jẹ́ ìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ó kọ̀wé fún wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà etí ní ilé ìwòsàn ńlá. Níbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ kan yẹ etí rẹ̀ wò nígbà tó ń sùn, kò dùn ún rárá. Ó di òótọ́. Wọ́n fún un ní ohun kékeré àfisétí tó ń gbé ohùn sókè, kò fún un ní gbogbo ohun tó sọnù, ṣùgbọ́n ó fún un ní díẹ̀. Wọ́n sì ń kọ́ gbogbo ilé láti máa fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, Akíndé tún fara ti òpó. "Màmá, kí ni Bàbá sọ?"

"Rewájú lorúkọ ẹ̀!" ni Ìyá Sagbo jágbe mọ́ ọn. "Ọmọ ọwọ́ ni. Ẹ lọ wo ojú ọjọ́ fúnra yín, ọ̀lẹ gbogbo!"

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ohun tí wọ́n ní kí n sọ fún yín rèé. Ọmọ tuntun yẹ kó máa ta gìrì sí ariwo ńlá, kó sì máa fara balẹ̀ tó bá gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Tó bá fi máa pé oṣù mẹ́fà, ó yẹ kó máa wá ibi tí ohùn ti ń wá. Ní oṣù kẹsàn-án, ó yẹ kó máa dá orúkọ rẹ̀ mọ̀, kó máa ṣe ba-ba-ba. Ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ yín kí ẹ pè é, kí ẹ má fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Tí kò bá dáhùn léraléra, tàbí tí ohùn tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ bá ń dín kù, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má sọ pé ó ń pẹ́ ni, ẹ má sì sọ pé ẹbọra ló ń bá a ṣeré. Ọmọ tuntun tí ojú tàbí ara rẹ̀ bá pọ́n bíi pupa ẹyin, dókítà ni kí ẹ sáré gbé e lọ bá, oòrùn ò tó o. Ẹ máa bá ọmọ sọ̀rọ̀, ẹ máa kọrin fún un. Tí kò bá sì gbọ́, ọwọ́ náà lè sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ tó ni èdè ṣe máa tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó.

Lánàá, mo wọ ilé wọn. Ìyá àgbà fi ẹsẹ̀ kan pákó lẹ́ẹ̀mejì, Rewájú yíjú. Ó ṣẹ́wọ́ sí i pé máa bọ̀, ọmọ sì rá wá bá a, ó gbé ọwọ́ kékeré tirẹ̀ náà sókè, ó ṣẹ́ ẹ padà.

Ọmọ ọwọ́ ò lè sọ pé òun ò gbọ́. Ẹ̀yin lẹ máa bá a sọ ọ́.