Ọlátúnjí Da Omi Kọ́lá Nù

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní Igbó-Elérin, ẹ ó ti máa gbọ́ ariwo kẹ́ẹ̀gì. Àwọn ìyá ń pọnmi, àwọn ọmọ ń bọ́jú, àwọn tó fẹ́ lọ sí Alábà ń wá ọkọ̀. Láàárín wọn ni Adéníkẹ́ wà, ìyàwó Ọlátúnjí tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Ìyànà-Ìbà.

Kànga-dẹ́rọ wà nínú ọgbà ilé tí wọ́n ń gbé. Adéníkẹ́ kì í wo ibẹ̀. Á gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kọjá lẹ́nu ẹ̀rọ náà, á gba òpópónà kejì lọ sí ilé Kọ́lá láti pọn omi tí wọ́n máa mu.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dun Ọlátúnjí wọra. Ṣé ẹ mọ Kọ́lá? Ó ga, ó pupa, kò tíì gbéyàwó, eyín rẹ̀ sì funfun kinniwin. Gbogbo rẹ̀ ni Ọlátúnjí kà sí i lọ́rùn, pàápàá eyín yẹn.

"Níkẹ̀ẹ́, omi wo ló wà lọ́dọ̀ Kọ́lá tí kò sí níbí?" ó bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Bàbá Ayọ̀, mo ti sọ fún yín. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn Ọ̀jọ́ ní ká má fún ọmọ lómi tí wọn ò yẹ̀ wò. Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá ti jẹ́ kí wọ́n yẹ tiwọn wò, nọ́ọ̀sì náà ló júwe ibẹ̀ fún mi."

Nínú gbogbo ohun tó sọ, orúkọ Kọ́lá nìkan ni ọkọ rẹ̀ gbọ́.

"Bọ̀ọ̀dá? Ìgbà wo ló di bọ̀ọ̀dá ẹ?"

"Gbogbo àdúgbò ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀."

"Omi ilé wa mọ́ gaara, kò rùn. Tiẹ̀ ló ń rùn bí omi ìfọṣọ."

"Oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi lẹ̀ ń gbóòórùn yẹn."

"Oògùn náà ti mú ẹ nìyẹn."

Owú ò dáa. Nígbà tó di Sátidé, Ọlátúnjí rọra tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀, ó fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan. Ó rí i tí Kọ́lá bá a gbé kẹ́ẹ̀gì rù, tí àwọn méjèèjì sì jọ rẹ́rìn-ín. Kọ́lá bá ìyá arúgbó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbé tiẹ̀ náà, ó sì bá òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú Ọlátúnjí ò rí ìyẹn.

Bí wọ́n ṣe délé, ó da omi náà nù sínú gọ́tà. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ pọn omi ilé kún gbogbo kẹ́ẹ̀gì. Ó ní ẹsẹ̀ ìyàwó òun ò gbọdọ̀ tẹ ilé Kọ́lá mọ́. Adéníkẹ́ ò fẹ́ ìjà, ó gbé kẹ́ẹ̀gì wọlé.

Inú Ọlátúnjí dùn. Òun gan-an ló bu omi náà fún Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ wọn tó ń lọ sí ọdún mẹ́ta. "Mu ún dáadáa. Omi bàbá ẹ nìyí."

Kò pẹ́ sígbà náà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, tó sì ń bì. Ojú rẹ̀ jìn wọnú, kò lè sunkún mọ́. Wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n sáré lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀jọ́.

Nọ́ọ̀sì Yéjídé kọ́kọ́ fa omi sí ọmọ lára. Ó wá kọjú sí Adéníkẹ́. "Omi wo lẹ fún ọmọ yìí? Ṣebí mo ti kìlọ̀ fún yín."

Adéníkẹ́ wo ọkọ rẹ̀.

"Èmi ni," Ọlátúnjí wí. "Èmi ni mo da èyí tó dáa nù. Mo rò pé tìtorí ọkùnrin ló ṣe ń lọ."

"Tìtorí ọmọ yín ló ṣe ń lọ. Sọ́kàwéè ilé yín, níbo ló wà?"

"Ẹ̀yìn kànga-dẹ́rọ náà ni."

"Ìgbẹ́ inú rẹ̀ ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọnú omi yín nìyẹn. Ojú lásán ò lè rí kòkòrò tó ń fa onígbáméjì. Omi lè mọ́ gaara kó sì pa ọmọ. Ohun tí Kọ́lá ṣe ò le: ó pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó omi, ó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, wọ́n sì ń padà wá yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọlátúnjí jókòó ti ọmọ rẹ̀. Owú ò tán lára rẹ̀ o, kí n má purọ́ fún yín. Ó ṣì ń jowú Kọ́lá, torí ọkùnrin yẹn ti ṣọ́ ọmọ òun ju òun lọ. Èyí dùn ún ju ti tẹ́lẹ̀.

Ayọ̀mípọ̀sí yè é. Lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò nílé ìwòsàn, Ọlátúnjí gbé kẹ́ẹ̀gì, ó lọ tò sílé Kọ́lá.

"Ẹ kú ewu ọmọ o," Kọ́lá wí, ó sì nawọ́ láti bá a gbé e.

"Ẹ ṣeun, mo lè gbé e." Ó rìn díẹ̀, ó dúró. "Àwọn tó yẹ omi yín wò, báwo lèèyàn ṣe ń rí wọn?"

Kọ́lá júwe ibi iṣẹ́ wọn fún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ọlátúnjí ti kan ilẹ̀kùn onílé wọn pé kó pè wọ́n.

Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò, ẹ má fojú lásán mọ omi tó dáa. Ẹ bi onílé yín bóyá wọ́n ti yẹ kànga-dẹ́rọ wò, kí ẹ sì wo ibi tí sọ́kàwéè wà. Ẹ̀yin onílé, ẹ lọ bá ìjọba kí ẹ tó gbẹ́ kànga-dẹ́rọ, ẹ má sì sá fún àwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Omi tí kò bá dá yín lójú, ẹ sè é kó hó dáadáa. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ fún un lómi sísè tí ẹ po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ yín, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Bí ìyàwó yín bá ń rìn jìnnà lọ pọn omi, ẹ bi í pé kí ló dé, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán.