Horatio Gbé Fèrè Sílẹ̀

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún ọdún 2019, Ọláyẹmí, ọmọ kan ṣoṣo tí Monica bí, ṣubú lójú pápá bọ́ọ̀lù, ó sì kú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni.

Ìfẹ́ ló ṣáájú ikú náà dé. Ọbáléndé ni Horatio ti kọ́kọ́ rí Monica, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn Ọdún Tuntun. Àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìràwọ̀ Erékùṣù fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ wo eré líìgì ní ìlú mìíràn. Obìnrin kan yọ láàárín àwọn awakọ̀. Ó dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì funfun, ó wọ bùbá léèsì àti ìró, ó sì gbé jẹ́sì aṣọ́lé wọ̀ lé gbogbo rẹ̀ lórí. Jẹ́sì náà gùn dé orúnkún rẹ̀, àmọ́ ó ń rìn bí ẹni tó wọ aṣọ òkè. Horatio ti gbé fèrè idẹ sẹ́nu. Èémí kò jáde.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé bọ́ọ̀sì Ìràwọ̀ nìyí?"

"Òun ni, màmá. Ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń wọ jẹ́sì?"

"Ọmọ mi ló ń ṣọ́lé fún yín. Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Horatio Pereira. Èmi ni mò ń fun fèrè."

"Háà! Ẹ̀yin lẹ kì í jẹ́ ká gbọ́ràn sí ara wa lẹ́nu! Ẹ̀yìn pátápátá ni n ó jókòó sí."

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló jókòó sí.

Ọmọ Àgùdà ni Horatio. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lókè òkun. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti ń gbé e lọ sí pápá lórí èjìká, kò tíì sí eré Ìràwọ̀ tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ní Èkó. Opó ni Monica, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Ó ń rán aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní Ẹnu Ọwá ní Èkó, iṣẹ́ náà ló sì fi tọ́ Ọláyẹmí.

Ọmọ náà ní àrékérekè kan tí gbogbo líìgì mọ̀. Bí Ìràwọ̀ bá ti ń borí, tí eré sì kù díẹ̀ kó parí, yóò ṣubú lulẹ̀, yóò di ẹsẹ̀ mú, kí àkókò lè máa lọ. Horatio yóò wá fun orin tí àwọn abiyamọ fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Èrò yóò bú sẹ́rìn-ín. Láti ibi tí Ọláyẹmí dùbúlẹ̀ sí, yóò na ìka kan sókè. Bó ṣe ń kí Dádì Fèrè rẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ ti bà mí lọ́mọ jẹ́," Monica yóò wí, yóò sì fi èjìká gbún un.

"Èmi kọ́. Ẹ̀yin lẹ bí òṣèré."

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Horatio sọ̀rọ̀. "Bí líìgì bá parí, ẹ jẹ́ kí n wá rí àwọn ẹbí yín."

"Kí ẹ wá rí wọn ṣe kí ni?"

"Kí n sọ fún wọn pé ẹnìkan ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò sì fẹ́ kó dìde mọ́."

Monica fi ọwọ́ bo imú. "Ẹ kọ́kọ́ fọ fèrè yẹn ná. Ó ń rùn." Ẹ̀rín tó fi tẹ̀lé e ni ìdáhùn.

Ní ọjọ́ tí a wí yìí, ìdálẹ̀ ni wọ́n wà, Ìràwọ̀ sì ti fi góòlù kan ṣíwájú. Orúnkún ẹnìkan gbá Ọláyẹmí láyà, ó sì ṣubú. Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Monica ló rẹ́rìn-ín jù.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀! Bọ̀dá Horatio, ẹ bá mi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."

Horatio fun fèrè. Ìka kankan kò nà sókè. Ó rò pé ọmọ náà kò gbọ́, ó tún un fun. Rẹfirí yọ káàdì yẹ́lò sí ẹni tó wà nílẹ̀.

Kò sí dókítà ní pápá náà, kò sí áńbúláǹsì. Bọ́ọ̀sì àwọn alátìlẹ́yìn ni wọ́n fi gbé e. Ó ti kú kí wọ́n tó rí ilé ìwòsàn.

Òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Àwọn àgbà ẹbí mú Monica jókòó sínú yàrá, Horatio ló tẹ̀lé pósí. Wọ́n ní kó fun fèrè díẹ̀, ó mi orí. Nígbà tó padà dé Ẹnu Ọwá, Monica pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má wá mọ́. N kò bínú sí yín. Èmi ni mo ní kí ẹ fun ún. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí yín, mò ń gbọ́ ọ." Ó ti ilẹ̀kùn.

Àwọn aláṣẹ líìgì ní àrùn ọkàn ló pa ọmọ náà, kò kan àwọn. Wọ́n pàṣẹ pé kí ẹgbẹ́ méjèèjì padà wá gbá ìwọ̀nba tó kù nínú eré náà. Horatio lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn. Ohun tó béèrè kò ju dókítà kan àti áńbúláǹsì kan lọ ní pápá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n ní àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò. Líìgì tuntun bẹ̀rẹ̀, kò sí ìkankan. Láti ọjọ́ náà, Horatio kò dé pápá mọ́, kò sì tan rédíò sí bọ́ọ̀lù.

Michael, olórí àwọn alátìlẹ́yìn, wá bá a. "Ṣé ìwọ nìkan lo fẹ́ tún líìgì ṣe ni?"

"N kò lè tún un ṣe."

"Kí wá lò ń ṣe?"

"N kò ní bá wọn jókòó."

"Bọ́ọ̀lù ni, Horatio, kì í ṣe òkú."

"Òkú wà nínú rẹ̀."

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó ku eré kan péré kí Ìràwọ̀ gba ife líìgì, ohun tí ojú Horatio kò rí rí. Michael tún dé. "A fẹ́ ṣe ìrántí Ọláyẹmí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ni kó o fun orin yẹn. Gbogbo pápá á sunkún."

"Ṣé áńbúláǹsì á wà níbẹ̀?"

"Wọ́n ní àwọn ṣì ń gbé e yẹ̀ wò."

"Ẹ máa sunkún lọ, ẹ̀yin nìkan."

Monica gbọ́ pé wọ́n ní kí Horatio wá fun orin náà, ó sì rò pé yóò lọ. Ní ọjọ́ eré, ó rìn lọ sí ilé Horatio láti fojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀kùn tí a tì pa. Horatio ló bá lórí àga níwájú ilé, ọkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo rò pé ẹ ti lọ."

"N kò lọ."

Ariwo góòlù sọ láti gbogbo òpópónà. Horatio kò gbé orí sókè, ó ń fi ìka ha iyẹ̀pẹ̀ ara ọkọ́. Monica rí i.

"Ibo lẹ ti ń bọ̀ tí iyẹ̀pẹ̀ fi wà lọ́wọ́ yín?"

"Ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"Ṣé koríko ò bò ó?"

"N kò jẹ́ kó hù."

"Oòrùn ńkọ́?"

"Igi kan ṣíji bò ó."

Monica jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, níbi tó máa ń jókòó sí ní pápá. "Ẹ má mú mi débẹ̀."

"N kò ní mú yín débẹ̀. Èmi ni n ó máa lọ, n ó sì máa jábọ̀ fún yín títí n ó fi kú."

"Ẹ kò wá lè máa ti òpópónà jábọ̀ fún mi. Ilé kan náà ni ká ti máa gbọ́ ọ." Ó nu ojú. "Fèrè yẹn ńkọ́?"

"Mo ti fọ̀ ọ́."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn máàsì, láìsí orin. Ní ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, Horatio lọ sí ọ́fíìsì Michael. Àwọn ohun tó fi sílẹ̀ níbẹ̀ nìyí:

fèrè idẹ kan, tó mọ́ tónítóní;

káàdì alátìlẹ́yìn, àwòrán rẹ̀ ti ṣá;

àsíá ẹgbẹ́ méjì, ọ̀kan jẹ́ ti bàbá rẹ̀;

rédíò kékeré kan, tòun ti bátìrì;

tìmùtìmù méjì tí wọ́n fi ń jókòó ní pápá, tirẹ̀ àti ti Monica.